Wáyà sípíkà mi sanra lójú, ó rù nínú

Wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò lọ́tẹ̀ yìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ to home theatre sí pálọ̀, ẹ wá kọ́gbọ́n lára mi, ọ̀fẹ́ ni, mi ò gba kọ́bọ̀.

Ó tó ọdún méjì tí mo fi ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ torí mo fẹ́ kúrò nídìí àwọn home theatre inú páálí yẹn, ẹ mọ̀ wọ́n, èyí tí sípíkà ẹ̀ fúyẹ́ bí agolo mílíìkì tó ti tán, tí wáyà ẹ̀ sì tín-ín-rín bí òwú tí wọ́n fi ń dirun. Nígbà tó yá, mo rí àmpù Yamaha kan rà ní Alaba, tòkunbọ̀ ni, ara ẹ̀ ṣì le, mo wá ra sípíkà márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iwájú méjì, àárín kan, ẹ̀yìn méjì. Láti Alaba dé Ìkòròdù, ìjókòó méjì ni mo sanwó ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ẹrù, kọ̀ńdọ́ tún fẹ́ gbowó ìkẹta, ó ní sípíkà tí mo gbé lé ẹsẹ̀ yẹn náà èrò ni.

Nínú gbogbo ìnáwó yìí, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ wáyà. Èmi gan-an ò rò ó. Wáyà ṣáà ni wáyà. Àmpù mi wà lábẹ́ tẹlifíṣàn, sípíkà ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gígùn lódìkejì pálọ̀, mi ò sì fẹ́ kí wáyà sùn sílẹ̀ kó máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀, òkè síílìn ló máa gbà. Oníwáyà tó ṣe iná ilé wa wá wọ̀n ọ́n, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ra géèjì 16, yáàdì 20 fún apá òsì, yáàdì 11 fún ọ̀tún, ó ti dé nìyẹn.” Géèjì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí wáyà ṣe sanra tó. Yáàdì 20 yẹn, nǹkan bíi mítà 18 ni. Ẹ rántí 18 yìí, a máa padà síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò ni mo ti rà á. Ọmọkùnrin tó ń tà á gbé rólù kan sílẹ̀, rọ́bà ẹ̀ mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ, o rí wáyà pupa tó ń dán nínú ẹ̀, ó sanra bí ìka ọmọ ọdún méjì, wọ́n tẹ 16 AWG sí i lára gbàgàdà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí lẹ̀ ń wá, òun làwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń rà.” Ta ni ó máa bá ṣọ́ọ̀ṣì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ariwo? Mo sanwó.

Wọ́n fà á gba òkè POP, wọ́n so ó, ó sọ̀rọ̀. Fún oṣù méje, kò sí wàhálà kankan. Tí òjò bá rọ̀ nínú fíìmù, ìyàwó mi á ní ká lọ ká aṣọ.

Ọjọ́ tí àṣírí tú ni ọjọ́ tí Nàìjíríà àti South Africa gbá sẹmi-fáínà AFCON ní February 2024. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ mọ bí ọkàn ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ilé mi kún fún ará àdúgbò, torí pé inverter mi ò tíì kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹnáritì, ọmọkùnrin mi fò sókè, ó fìdí gbá stand sípíkà ẹ̀yìn, sípíkà ò ṣubú o, ó kàn mì báyìí, ni àmpù bá ṣe “ká”, ariwo kú, PROTECT yọ lójú ẹ̀. Pẹnáritì wà lójú tẹlifíṣàn, kò sí ohùn. Ẹ gbọ́, àwọn èèyàn mi tí wọ́n jẹ púfù-púfù mi tán ni wọ́n ń bú àmpù mi yẹn! Sípíkà kékeré inú tẹlifíṣàn la fi gbọ́ ọ títí a fi wọlé fáínà.

Mo rò pé àmpù ti jóná ni. Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo yọ gbogbo wáyà ẹ̀yìn ẹ̀, mo tàn án, ó tàn láìsí wàhálà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n padà níkọ̀ọ̀kan, ìgbà tó kan ẹ̀yìn òsì ló tún ṣe “ká”. Mo lọ wo ìdí sípíkà yẹn. Okùn wẹ́wẹ́ inú wáyà yẹn ti já níbi tí súkúrù ti dè é, ọ̀kan nínú wọn tẹ̀, ó lọ fẹnu kan ojú kejì. Pupa kan dúdú nìyẹn. Ìdí tí àmpù fi ti ara ẹ̀ pa nìyẹn, ó gba ara ẹ̀ là ni, ká dúpẹ́ fún ẹni tó ṣe é.

Mo ní kò burú, kí n bó òmíràn. Mo bó o, ó já. Mo tún bó o, mo lọ́ ọ díẹ̀, ó tún já, bí ewé gbígbẹ. Bàbà kì í já báyẹn, bàbà máa ń tẹ̀ ni. Mo mú ọ̀bẹ, mo fi ha okùn kan. Pupa lókè, funfun nísàlẹ̀! Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. CCA ni wọ́n ń pè é. Àti pé gbogbo sísanra tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, rọ́bà ni. Agbádá ńlá ni wáyà yẹn wọ̀, ara tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò ju igi bírọ́ọ̀mù lọ.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Réwáyà ládùúgbò wa, ẹni tó ń ṣe iná mọ́tò, tó tún ń wé kọ́ìlì fáànù, torí mo fẹ́ yá mítà tó fi ń wọn iná. Bàbá bi mí pé géèjì mélòó ni wọ́n ní ó jẹ́. Mo ní, “16 ni, sà.” Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa wáyà kan yọ nínú àpótí, ó ní, “Ọmọ mi, 16 rèé o.” Tiẹ̀ fi tèmi sílẹ̀ lọ jìnnà! Inú bí mi gan-an, àfi ìgbà tí mo délé tí mo kàwé sí i lálẹ́ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ géèjì yìí pé méjì. Ti Bàbá, SWG ni, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òun làwọn tó ń wé kọ́ìlì ń lò. Ti wáyà sípíkà, AWG ni, ti Amẹ́ríkà, ó ti wà láti 1857. 16 ti Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 14 ti Amẹ́ríkà dọ́gba. Nítorí náà Bàbá ò parọ́. Àmọ́ wáyà tèmi, yálà ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà, kò dé ibì kankan.

Kí n tètè ṣàlàyé géèjì yìí kó má dà wá láàmú. Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju èje lọ. Nídìí géèjì ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sókè ni wáyà ń rù. 12 sanra ju 14, 14 sanra ju 16, 16 sanra ju 18. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe wáyà láyé àtijọ́, wọ́n á fa irin kọjá nínú ihò, wọ́n á tún fà á kọjá nínú ihò tó kéré sí i, bí alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe ń ṣe, iye ìgbà tí wọ́n bá fà á ló di nọ́ńbà ẹ̀. Tó o bá fi mẹ́ta sókè, bíi láti 13 sí 16, ìdajì bàbà inú ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ní tiwa níbí, mm la máa ń bá lọ́jà (mm² ni wọ́n ní lọ́kàn, ìyẹn bí ojú ibi tí wọ́n gé bàbà ṣe fẹ̀ tó), tó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta wáyà ilé wọ́n á bi ẹ́ pé ṣé 1.5 ni àbí 2.5. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, nǹkan kan náà ni. Géèjì 18 jẹ́ 0.82, 16 jẹ́ 1.3, 14 jẹ́ 2.1, 12 jẹ́ 3.3. Ìyẹn ni pé 1.5 wà láàárín 16 àti 14, 2.5 wà láàárín 14 àti 12. Ẹni tó bá ń wá géèjì 14 kiri tí kò rí i rà, tó bá gba 2.5 kò sọ nǹkan kan nù, ó tiẹ̀ jèrè.

Ó wá ku bí a ṣe ń mọ èyí tó tó. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní iye ohm tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, 4, 6 tàbí 8, ohm yẹn ni bó ṣe ń dá iná dúró tó. Wáyà náà ní tiẹ̀. Bí ohm wáyà bá pọ̀ jù, iná tó yẹ kó lọ ti sípíkà ni wáyà á máa jẹ lójú ọ̀nà, bí ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ ẹran tí ọmọ ń jẹ ẹ́ bọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ohm wáyà má ju 5 nínú 100 ohm sípíkà lọ. Sípíkà 8 ohm, wáyà ò gbọdọ̀ ju 0.4. Sípíkà 6 ohm, 0.3. Sípíkà 4 ohm, 0.2. Ẹ wá rántí pé iná ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà mítà 10 tí ẹ wọ̀n, mítà 20 ni wáyà mọ̀ ọ́n sí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìrò.

Mo ti ṣírò ẹ̀ fún yín, bàbà gidi ni mo fi ṣe é o. Sípíkà 8 ohm, géèjì 18 lè gbé e dé bíi mítà 9, 16 dé mítà 15, 14 dé mítà 24, 12 dé mítà 38. Sípíkà 4 ohm, ẹ gé e sí méjì. Sípíkà 6 ohm, ẹ mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé sípíkà iwájú tó jìnnà sí àmpù ní mítà mẹ́ta péré, kò sídìí tí èèyàn fi máa pa ara ẹ̀ nítorí wáyà tó sanra? 16 ti tó, ó tún ti ṣẹ́kù.

Ó wá kan tèmi. Mo gbé mítà Bàbá, mo kọ́kọ́ fẹnu ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì kan ara wọn kí n mọ iye tí òun fúnra ẹ̀ ń jẹ kí n lè yọ ọ́ kúrò, mo so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀ lọ́dọ̀ sípíkà, mo wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ àmpù. 1.9 ohm! Sípíkà ẹ̀yìn mi, 6 ohm ni. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo wáàtì 100 tí àmpù bá fi ránṣẹ́, nǹkan bíi 24 ni wáyà inú síílìn fi ń yá iná. Apá ọ̀tún tó kúrú ń jẹ 1 ohm àti díẹ̀. Abájọ tí òjò inú fíìmù fi máa ń rọ̀ lápá ọ̀tún ju òsì lọ, mo ti rò pé etí mi ni.

Ibi tó wá dùn mí jù rèé: ká tiẹ̀ ní bàbà gidi ni wọ́n tà fún mi, géèjì 16 tòótọ́ tòótọ́, mítà 18 yẹn á fún mi ní 0.47. Ó ṣì ju 0.3 lọ! Oníwáyà wa náà ò ṣírò ẹ̀, ó kàn pe 16 torí 16 ló máa ń pè. 14 á ṣe é, àmọ́ ó máa fọwọ́ kan òpin gẹ́lẹ́. 2.5 ló bá a mu, 0.25 ni.

Nítorí náà 2.5 ni mo lọ rà, flex tó ní wáyà méjì nínú, èyí tí wọ́n fi ń ṣe extension, inú ẹ̀ jẹ́ okùn wẹ́wẹ́ ló jẹ́ kó rọ̀, ẹ má ra èyí tó jẹ́ igi kan ṣoṣo tí wọ́n ń rì sínú ògiri, kò ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu nídìí sípíkà. Wáyà ilẹ̀ wa ni mo béèrè, a ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é dáadáa, Cutix wà ní Nnewi, Coleman wà lápá Ògùn. Èmi ò tún gbà á lójú o, torí ayédèrú lè jẹ́ orúkọ tó bá wù ú. Mo mú ọ̀bẹ dání. Mo ní kí wọ́n gé bíi ìka kan fún mi, mo ha á, pupa dé inú. Mo tún gbé rólù yẹn dání pẹ̀lú àjákù wáyà àtijọ́ mi lọ́wọ́ kejì, bàbà wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ọwọ́ á sọ fún ẹ. Ẹ kíyè sí i pé ẹ lè rí wáyà tó funfun lókè tó pupa nínú, ìyẹn dáa, bàbà tí wọ́n fi tánganran bò ni kó má baà dípẹtà. Pupa lókè, funfun nínú ni ẹ sá fún.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé nígbà tí mo so ó, ilé mì tìtì tàbí pé mo gbọ́ ohùn áńgẹ́lì. Rárá. Ẹ̀yìn kàn pariwo díẹ̀ sí i, òsì àti ọ̀tún wá dọ́gba, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni tó bá ní wáyà òun yí gbogbo orin padà, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ tà. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, James Randi, ní 2007 ó ní òun máa fún ẹnikẹ́ni ní mílíọ̀nù kan dọ́là tó bá lè fetí lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín wáyà sípíkà kan tí wọ́n ń tà ní $7,250 àti wáyà gidi tí gbogbo èèyàn ń rà. Kò sẹ́ni tó gba owó yẹn lọ. $7,250 fún wáyà! Ẹni tó rà á, ilé kan ló fi so sípíkà.

Sísanra jù náà níṣòro tiẹ̀ o. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston gbọ́ ìtàn mi lórí WhatsApp, ó sáré lọ ra 12 fún home theatre kékeré tiẹ̀, sípíkà tó jìnnà jù lọ ò ju mítà mẹ́fà lọ. Ẹ̀yìn home theatre tiẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tí ihò á là, wáyà 12 ò wọ ihò yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn inú ẹ̀ kúrò kó lè wọ̀. Mo ní, àbúrò, o fowó ra bàbà, o wá ń dà á sínú gáábéèjì? Ní tiwọn níbẹ̀, ohun tí mo sọ fún un pé kó máa wò ni kí wọ́n kọ CL2 tàbí CL3 sí i lára tó bá máa rì í sínú ògiri, kí iná má baà ràn lára ẹ̀ jó ilé.

Nǹkan méjì kékeré sí i. Ẹni tó bá lo flex bíi tèmi, búráùn àti búlúù ló máa bá nínú ẹ̀, kò sí pupa àti dúdú. Ẹ mú ọ̀kan fún pupa, kí ẹ má yí i padà ní sípíkà kankan, torí tí ọ̀kan bá dojú kọ ọ̀dì, ẹ ò ní rí bàásì mọ́, ẹ ó sì máa wá ẹ̀bi sí wúfà lọ́rùn. Tí ẹ bá ti gbàgbé èyí tó jẹ́ èwo, tí wáyà sì ti wọ síílìn, ẹ yọ ọ́ nídìí àmpù, ẹ mú bátìrì rímóòtù kan, ẹ fi kan ẹnu wáyà fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, tí ojú sípíkà bá sún síta, ibi tí ẹ fi orí bátìrì kan yẹn ni pupa. Èkejì ni pé wúfà tó ní àmpù tiẹ̀ nínú, tó ń gba iná fúnra ẹ̀, kò lo wáyà sípíkà rárá, wáyà RCA ló ń lò, irú èyí tí wọ́n fi ń so DVD mọ́ tẹlifíṣàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta yáàdì mẹ́wàá fún yín nítorí ẹ̀. Ẹ má sì kó wáyà sípíkà pọ̀ mọ́ wáyà iná ilé nínú páìpù kan náà, ọjọ́ tí rọ́bà bá bó, 220 ló máa kí àmpù yín.

Fífà á sókè ló kù. Oníwáyà wa ní kò le, ká so tuntun mọ́ ti àtijọ́, kí òun máa fa ti àtijọ́ lódìkejì, tuntun á tẹ̀ lé e. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Apá òsì jáde wẹ́rẹ́, mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó kan ọ̀tún, ó fà á, ó dúró níbi kọ̀rọ̀, ó ní “ọ̀gá ẹ jẹ́ n fagbára sí i díẹ̀”, kí n tó la ẹnu, alumíníọ̀mù mi yìí já sáàárín síílìn. Tuntun há síbẹ̀. A gé POP tó tó bí ojú àwo ká tó rí i fà jáde.

Ihò yẹn ṣì wà lókè di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní kí n pe ẹni tó ń ṣe POP, ìyàwó mi ní, “Bàbá Tiwa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti fìríìjì ná.”